Ikọ́ Àyẹ́sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá wà nínú yàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dára fún ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Ọ̀kà Àkókó ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń fẹ́ láàárọ̀, ó ń fẹ́ lọ́sàn-án. Bí o bá sá aṣọ tí o kò há a mọ́ okùn dáadáa, ó di Etíòro kí o tó rí i mú. Nínú ìlú yìí gan-an ni ọkùnrin kan ti ti gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀ pa, tó lọ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fọ afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Èèyàn ńlá ni.

Zachariah Iyìọlá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀, o ò ní rí ẹni dá ọ lóhùn. Olóyè Ọ́nárébù Dókítà Alàgbà Zachariah Iyìọlá ni, Alága Pátápátá fún Kọmítì Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ti Gbogbo Àkókó. Dókítà yẹn, wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi ìkórè kan ni, nígbà tó ra ogójì àga oníke fún wọn. Kọmítì náà ńkọ́? Wọ́n ní ìjọba ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún un? Èyí ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀, títí kan Alága fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó dé.

Florence ìyàwó rẹ̀ ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní Ìkun kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í pariwo, ojú ló máa ń fi báni wí. Ó ti bá Zachariah mu gààrí láìsí ẹ̀pà nígbà tí kò tíì sí oyè kankan lórí rẹ̀, nítorí náà nígbà tí oyè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò, ó kàn ń wò ó ni. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni Hephzibah, ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje. Ọlámilékan, àkọ́bí wọn, ló mú un wá láti Èkó, nítorí ikọ́ fée ń bá ọmọ náà jà níbẹ̀, èéfín Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, Lékan sì rántí òkè wọn. Láti oṣù mẹ́jọ tó ti dé Ọ̀kà, inhélà rẹ̀, igò kékeré tí wọ́n máa ń fọ́n sí i lẹ́nu bí èémí bá há, kò kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Florence a máa ṣí dúrọ́ọ̀ náà wò, a sì máa dúpẹ́.

Ìgbà yìí ni ọkùnrin kan tó so táì pupa gbé ẹ̀rọ wá sí ọ́fíìsì Kọmítì ní Ìkàrẹ́. Ó ní ẹ̀rọ náà ń pa kòkòrò, ó ń lé òórùn burúkú, ó ń fọ afẹ́fẹ́ bí èèyàn ṣe ń fọ aṣọ. Alága ra méjì lójú ẹsẹ̀, ó gbé ọ̀kan wá sílé. Kò tóbi ju rédíò lọ, iná búlúù kan wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án ní pálọ̀, òórùn kan jáde tó ń ta ni nímú, irú èyí tó máa ń wà níta bí àrá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tán. Alága fà á símú dáadáa. Ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Florence! Ó ń ṣiṣẹ́!"

"Bàbá Lékan, ó ń ta yín lọ́fun ni."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn! Oògùn wo lo rí tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ta ni? Agbo tí ìyá mi fi wò mí, ṣé ó dùn ni? Ìdọ̀tí ló ń jáde yìí. Ọgọ́ta ọdún ni ìdọ̀tí fi wà lọ́fun mi!"

Ẹ má dá a lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa náà ńkọ́? Bí wọ́n bá fún wa ní oògùn tí kò korò, a ní ayédèrú ni. Abẹ́rẹ́ tí kò bá dun ni, a ní nọ́ọ̀sì ti bu omi sí i. Orí irú ìgbàgbọ́ yìí ni Alága kọ́ gbogbo ìjọba rẹ̀ lé.

Wọ́n máa ń mú iná ní Ọ̀kà, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí wọ́n bá ti mú un, Alága á ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mímọ́ má baà kú. Abẹ́ fèrèsé ni jẹnẹrétọ̀ wà, èéfín rẹ̀ á sì wọlé. Alága á ní kí wọ́n ti fèrèsé. Bí ilé bá ti gbóná, tí èéfín ti há sínú rẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ rí i bí afẹ́fẹ́ ìlú yìí ṣe dọ̀tí tó?" Á wá yí ẹ̀rọ sókè sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan imú rẹ̀ ti kú sí òórùn náà, kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ní agbára ẹ̀rọ ló ń dínkù, ló bá yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin.

Ní ọ́fíìsì Ìkàrẹ́, ọ̀rọ̀ di ẹ̀sìn. Alága pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ yí ẹ̀rọ kejì ká, àwọn mọ́kànlá, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "láti ìgbà Ádámù ni afẹ́fẹ́ ti ń dọ̀tí. Ẹni méjì péré ló ti ronú kan ọ̀rọ̀ náà: Ọlọ́run tó dá a, àti èmi tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Èyí tí Ọlọ́run ṣe dára, mi ò bu iṣẹ́ Rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ló kù!"

Badmus, akọ̀wé rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yìí, bí Alága bá sín, òun ni yóò nu imú. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ, ó fà á símú, ó wúkọ́ títí ó fi tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, sà! Mo gbọ́ ọ tí ìdọ̀tí ọdún 1998 ń jáde!"

"Badmus, olóòótọ́ èèyàn ni ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ àyẹ́sí ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí Alága bá ti wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọn á wúkọ́. Ẹni tó bá wú u jinlẹ̀, Alága á mi orí sí i. Àwọn mìíràn ń jẹ ata gbígbẹ nílé kí tiwọn lè dún. Olúrántí, ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni tábìlì rẹ̀ wà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, nítorí náà ikọ́ kò gbé e. Badmus fún un ní kúẹ́rì: "Ṣàlàyé ìdí tí ọ̀fun rẹ kò fi bá ètò ìjọba lọ." Olúrántí fèsì pé, "Mo tọrọ àforíjì, sà. Màá wúkọ́ láti ọjọ́ Ajé." Wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, ọjọ́ Ajé sì pé, ó wúkọ́ ju gbogbo wọn lọ, kò sì rí i dá dúró títí di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Nílé, Florence ń rí nǹkan, kò sì tíì mọ ohun tó ń rí. Rọ́bà ẹnu fíríìjì là pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ọ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kan. Rọ́bà tó fi de ẹnu ọ̀rá edé já bó ṣe fọwọ́ kàn án. Efinrin tó gbìn sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kú, tó sì jẹ́ pé efinrin kì í tètè kú. Àǹkárá tó ká sórí àga ní pálọ̀ ṣí láwọ̀ lápá òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ará Ìkàrẹ́ tó ta ọjà náà fún òun ni wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Lẹ́yìn náà ni Hephzibah bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àyà ọmọ náà ti ń súfèé. Ó jókòó sí pálọ̀ níwájú ẹ̀rọ, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń wá èémí. Alága ti yàrá jáde, ó dúró, ó tẹ́tí, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo ọmọ mi! Òun ló mọ́ jù lọ ní gbogbo Àkókó! Wú u sí i, Hephzibah, ìdọ̀tí Èkó ló ń jáde yẹn."

"Gránpà, àyà ń dùn mí."

"Ó gbọ́dọ̀ dùn ọ́. Bí kò bá dùn ọ́, kò ṣiṣẹ́."

Florence dìde. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú inhélà, ó fọ́n ọn sí ọmọ náà lẹ́nu.  Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ Ayọ̀midọ̀tun, nọ́ọ̀sì kan tó ti kọ́ ní ìwé rí ní Ìkun.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà ọmọ náà, ó bi Florence léèrè, ó tún bi í léèrè, títí ó fi dé orí ẹ̀rọ.

"Màmá, ṣé ó ń rùn bí ìgbà tí àrá sán?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Rọ́bà inú ilé yín ńkọ́? Ṣé ó ń là?"

Florence la ẹnu sílẹ̀. "Ayọ̀, ta ló sọ fún ọ?"

"Gáàsì kan ni ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde, ósóònù ni wọ́n ń pè é. Bó bá wà lókè sánmà lọ́hùn-ún, ó wúlò, ó ń bá wa dí ìtànṣán oòrùn tó burú. Bó bá wà nínú yàrá, wàhálà ni. Ó ń ṣí aṣọ láwọ̀, ó ń jẹ rọ́bà. Ohun tó ń jẹ rọ́bà fíríìjì, ṣé ẹ rò pé yóò dá ẹ̀dọ̀fóró ọmọ sí? Afẹ́fẹ́ gan-an kò tún mọ́ sí i. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ wà nítòsí rẹ̀ rárá. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ ṣí fèrèsé. Màmá mi, ẹ má fi ṣeré o."

Florence délé, ó yọ ọ́. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, atẹ́gùn òkè wọlé gbuurugbu, kọ́tìnnì ń fò. Ìgbà tí Alága dé, ńṣe ló pariwo bí ẹni tí olè jà.

"Ta ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lásán wọ ilé mi?"

Florence sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ tí kì í tètè lóye.

"Nọ́ọ̀sì!" Alága ní. "Ṣé nọ́ọ̀sì ni Alága ni àbí èmi? Mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí wọ ilé ìwé mẹ́rin: Ọ̀kà níbí, Ìkun, Etíòro, Ìkáràm. Aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá ṣí i. Ìgbà yìí lo wá ń sọ̀rọ̀ rọ́bà fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mò ń sọ, Bàbá Lékan. Èémí rẹ̀ ni."

"Ọmọ náà yóò dúró síwájú gbogbo èèyàn, yóò sì wúkọ́ fún wọn gbọ́. Òun ni ẹ̀rí mi."

Florence kó ẹrù Hephzibah lọ sí yàrá ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó gbé ibùsùn sí ẹnu fèrèsé. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àyà ọmọ náà dákẹ́. Alága kò wá wò ó. Ó gbé ẹ̀rọ wọ yàrá tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, agbádá funfun, bùbá àti ṣòkòtò onírọ́bà. Ó tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ó ní òun fẹ́ kí òórùn ìjọba máa jáde lára aṣọ náà. Florence rí i. Ó rántí ẹnu fíríìjì, ó sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan láti kìlọ̀.

"Bàbá Lékan, ṣòkòtò yẹn..."

"Obìnrin, má dí mi lọ́wọ́! Mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìtàn!"

Ó ti ṣe tirẹ̀. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kó ṣe?

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́, wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, ẹ̀rọ mẹ́rin sì wà lórí pèpéle, iná búlúù wọn ń ṣẹ́jú. Aṣojú ìjọba jókòó, ó ń fi aṣọ ìnujú bo imú. Florence wọlé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ti mú Hephzibah lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún tíṣà rẹ̀. Kò mọ̀ pé Badmus ti gbé ìwé àṣẹ Alága lọ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé tò jáde sórí pèpéle, àwọn ogún, Hephzibah ló wà níwájú, ẹ̀rọ méjì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Florence dìde dúró.

"Ẹ̀yin èèyàn Àkókó!" Alága ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ìró ìmọ́tótó! Ẹ̀yin ọmọ, ó yá!"

Ogún ọmọ wúkọ́ pọ̀. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Alága gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, mọ́kàndínlógún dákẹ́. Hephzibah kò dákẹ́. Ó ń wúkọ́, ó tẹ̀ síwájú, ó di etí tábìlì mú, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àwọn èèyàn rò pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí i. Badmus ní, "Ẹ ò rí ọmọ Alága!"

"Ọmọ ń kú lọ o!" Florence kígbe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ní tíṣà, ẹ mọ̀ pé kò kígbe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ti àga sósì sọ́tùn-ún bó ṣe ń lọ. "Ẹ ṣí fèrèsé! Gbogbo yín, ẹ ṣí fèrèsé!"

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé!" Alága gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run, ó mí kanlẹ̀ láti fi pàṣẹ, ikùn rẹ̀ sì wú síta. Rọ́bà ṣòkòtò rẹ̀ já. Ṣòkòtò náà kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni ń rò ó, ẹ̀ẹ̀kan ló balẹ̀. Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni pátá rẹ̀ ti sùn. Alága fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà wọ́n sókè, ó tẹ agbádá mọ́lẹ̀, òun àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì jọ ṣubú sẹ́sẹ̀ aṣojú ìjọba. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ débi pé àwọn tó wà lókè ọ̀nà gbọ́ ọ. Badmus, tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, wúkọ́.

Florence kò wo ọkọ rẹ̀. Ó ré e kọjá, ó gbé ọmọ náà, ó jáde. Níta, nínú atẹ́gùn, ó fọ́n inhélà sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan fi ọkọ̀ gbé wọn dé Ìkàrẹ́. Ayọ̀midọ̀tun fi ọ́síjìn sí ọmọ náà nímú, ó ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà. Ọjọ́ méjì ni Hephzibah lò lórí ibùsùn.

Ní ọjọ́ kejì ni Alága wá. Ó fi bẹ́líìtì di ṣòkòtò rẹ̀ gírígírí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Florence, ṣé o gbọ́ ohunkóhun láti Àkúrẹ́? Ṣé inú ń bí wọn?"

Florence kọjú sí ògiri. 

Lẹ́tà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ Olóyè Ọ́nárébù Dókítà Alàgbà Iyìọlá nípò "nítorí àìbójútó aṣọ níwájú aṣojú ìjọba." Wọ́n ní kí ètò ẹ̀rọ máa tẹ̀ síwájú ní gbogbo ilé ìwé lábẹ́ Alága tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Badmus. Zachariah kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí àga ní pálọ̀. Florence gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé wọ́n dárúkọ Hephzibah níbẹ̀?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Rárá."

"Ṣòkòtò nìkan?"

"Ṣòkòtò nìkan. Ọmọ ìbáà kú, Bàbá Lékan, bí ṣòkòtò yín kò bá sáà ti já, ẹ̀yin ṣì ni Alága."

 Yàrá ẹ̀yìn ni Hephzibah wà, wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń kọrin ilé ìwé. Florence wá sọ fún un pé ìyá kan wá sílé láàárọ̀, Peace, láti Etíòro. Ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sí kíláàsì wọn, inú ìyá náà sì ń dùn, torí ó ti gbọ́ pé ìdọ̀tí ló ń jáde.

"Ta ló sọ fún un pé ìdọ̀tí ni?" Florence béèrè.

 Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zachariah wọ bùbá tó wọ̀ ṣiṣẹ́ oko nígbà kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Etíòro. Florence tẹ̀ lé e, ó jìnnà sí i díẹ̀. Wọ́n bá àwọn òbí níwájú kíláàsì, bí i mẹ́rìnlá. Ẹnikẹ́ni kò dìde fún un. Àwọn ọ̀dọ́ méjì wo ìdí ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n wo ara wọn.

Ó ní, "Èmi Olóyè Ọ́nárébù..." Ó rí ojú Florence. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Zachariah ni mí. Ẹ̀rọ yìí ló ń fa ikọ́ àwọn ọmọ yín. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi sọ fún mi. Mo sì rí i lára ọmọ-ọmọ tèmi gan-an, kò lè mí."

Peace gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ rí i, sà? Kí lẹ wá ṣe?"

Zachariah wo ilẹ̀.

"Mo pàtẹ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wọ kíláàsì, ó yọ ẹ̀rọ náà lára iná, ó gbé e mọ́ra jáde láàárín wọn. Ìkun àti Ìkáràm ṣì kù, Ọ̀kà náà kù. Àwọn òbí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a gbé e, kò sì sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́.